Àwọn Tó Ti Mọ Ohun Tó Mú Bàálù Náà Já

Ẹ̀yin ará, ẹ jókòó. Ẹ má dìde, kí akọrin má sì gbé orin lé mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò gba agogo.

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe aríran. Láti ìgbà tí mo ti ń jọ́sìn nínú ilé yìí, ẹ̀mí kò gbé mi rí. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè mí ní Tíṣà. Ohun tí mo bá lè wọ̀n ni mo máa ń gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ìran ní Ọjọ́rú tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, bí mo sì ṣe rí i ni n ó ṣe sọ ọ́. Mi ò ní fi nǹkan kan kún un, mi ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, títí kan ibi tí ó ti kàn mí.

Àlejò wà láàárín wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi, Olúmìdé, ọmọ ìjọ yìí ni. Òun ni igbákejì awakọ̀ nínú bàálù tó já ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Bàálù náà sáré lórí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó gbé imú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó tún padà wálẹ̀, ó wó ògiri pápákọ̀ òfuurufú, ó sì gbaná nínú pápá tó wà lẹ́yìn ògiri. Àwọn kan jáde láàyè. Àbúrò mi kò jáde. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nìyẹn. Àwọn olùṣèwádìí gbé ìwé kan jáde, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ ohun tó fà á. Wọ́n ní iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí gbogbo ènìyàn ní sùúrù.

Ta ló ní sùúrù?

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí olóòtú ètò kan lórí rédíò fi ní ọtí ló wà lójú awakọ̀. Mo kọ lẹ́tà sí i, kò dáhùn. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ni bàálù náà jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe àwọn awakọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ a kò tíì rí òkú gbà. Mo kọ lẹ́tà sí òun náà. Lórí wasáàpù ìjọ wa níbí, ẹnìkan fi fídíò bàálù mìíràn ránṣẹ́, bàálù tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tí yìnyín funfun bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Yìnyín, ẹ̀yin ará, ní ilẹ̀ wa níbí! Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo bí ọmọ wa ṣe ṣe é." Ẹni mẹ́tàdínlógójì ló fi àmì ọwọ́ àdúrà sí i. Mo kà wọ́n. Ẹnìkan tún ní obìnrin kan ló gba ọkàn Mídé kúrò lára iṣẹ́, ẹni tó sì sọ ọ́ mọ ilé ìyàwó oníyàwó ju ilé tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ìwé ìran. A mọ àṣà ilé yìí. Bí ẹ̀mí bá gbé ẹnìkan, akọ̀wé ìran á sáré mú bíírò, á kọ ohun tí ẹni náà bá sọ, á kọ ọjọ́, á kọ wákàtí. Lẹ́yìn jàm̀bá náà ni wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ní a ti rí i tẹ́lẹ̀, ó ti wà nílẹ̀: "Ọmọ ìjọ tí ń wakọ̀ lójú sánmà, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta." Wọ́n ní wọ́n sọ fún un, kò gbà, àìgbọràn rẹ̀ ló pa á, ó sì pa ẹni ẹlẹ́ni mọ́ ara rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé náà. Dúdú ni yíǹkì ìran tó wà lókè rẹ̀. Dúdú ni ti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Búlúù ni tirẹ̀. Àárín ìlà méjì ni wọ́n há a mọ́, àwọn lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo fi hàn yín, gbogbo yín wo àjà.

Mo wá ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Mo kọ ọ́ dé orí ìkọkànlá. Mi ò sunkún. Láti ọjọ́ tí a ti sin Mídé ni ara mi ti kú, bí ẹnu ẹni tí dókítà eyín gún ní abẹ́rẹ́. Mo ń jẹun, mi ò mọ iyọ̀ lẹ́nu.

Ẹ sì rántí àdúrà ogójì ọjọ́. Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí. Mo ní, "Ẹ yé bú òkú. Gbénró ni kí ẹ lọ bi. Òun ló yẹ bàálù náà wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òun ló sì fọwọ́ sí i pé ó lè fò." Bùrọ̀dá Gbénró tí mo ń wí yìí, ẹnjiníà bàálù ni, òun ló kọ́ Mídé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà ní kékeré, òun ló kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá wáyà pápákọ̀ lọ wo bàálù. Ibẹ̀ ni Mídé ti ní bàálù lòun máa wà. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ yẹn, Bùrọ̀dá Gbénró kò wá síbí mọ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tósìn, ṣì ń wá. Nítòsí dúrọ́ọ̀mù omi ló ń jókòó sí, òun nìkan lórí bẹ́ǹṣì ẹni márùn-ún.

Ní Ọjọ́rú, Ìyá Ìjọ gbàdúrà ìparí ààwẹ̀, a ṣe àmín. Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta, mo fi ìwé àkọsílẹ̀ mi ṣe ìrọ̀rí, mo ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀. Mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ Ìyá Tósìn tó ń gbá ẹ̀yìn ilé ìsìn. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ìgbálẹ̀ mọ́.

Mo rí i pé mo dúró lórí ọ̀nà ọlọ́dà kan tó fẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí láàárín, tó gùn títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wà, kò sí oòrùn. Ìwé mi wà lábíyá mi. Ọkùnrin kan dúró níwájú mi, ó wọ ẹ̀wù pupa rúsúrúsú tí ń dán, ó mú ọ̀pá iná méjì lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń júwe ibi tí bàálù yóò dúró sí. Ojú rẹ̀ rí bí ojú òṣìṣẹ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ máa bọ̀." Ó ń fi ọ̀pá méjèèjì pè mí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

Ọ̀nà náà pín sí méjì. Láti apá òsì ni òórùn kẹrosíìnì tí ń jó ti ń wá, òórùn kan náà tí mo gbọ́ lára aago ọwọ́ Mídé nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ fún wa nínú ọ̀rá. Apá òsì náà ló júwe fún mi.

Mo ní, "Ṣé ọ̀run àpáàdì nìyí?"

Ó ní, "Ibi tí wọ́n kó àwọn tó yára sí ni."

Iná wà níbẹ̀. Mo rí i, ooru rẹ̀ kò kàn mí. Mo na ọwọ́ sí i bí ẹni ń yáná, kò sí nǹkan kan. Mo rò ó pé bóyá nítorí pé mo ti kú lára tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ni olóòtú rédíò. Wọ́n dè é mọ́ ìjókòó awakọ̀, ìgò ọtí kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè yọ, ọtí inú rẹ̀ kò sì tán. Bàálù náà ń sáré, ògiri ń bọ̀ níwájú. Ó gbá gbohùngbohùn mú, ó ń ké pé, "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ pè wá o! Ẹ gbà mí! Kí ni kí n tẹ̀?" Fóònù dún. Olùgbọ́ kan ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ètò. Èmi rò pé ọtí ni." Òmíràn pè, ó ní, "Mo fara mọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ojú ẹ̀ ti pọ́n jù." Ògiri dé, bàálù wó o, iná bo gbogbo rẹ̀. Kí èéfín tó lọ, ó tún ti wà níbi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, ìgò wà lẹ́nu rẹ̀, fóònù ń dún.

Mo wo ìwé mi. Ìkíní nìyẹn. Mo fi èékánná fa ìlà sí i.

A kọjá lára ẹni tó fi fídíò ránṣẹ́. Inú yìnyín ló wà dé ọrùn, láàárín iná, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n. A kọjá lára ẹni tó sọ̀rọ̀ obìnrin. Àárín ilẹ̀kùn méjì ló wà, ọ̀kan jẹ́ ti ilé rẹ̀, èkejì jẹ́ ti ilé ìyàwó oníyàwó. Ó ń kan èyí, ó ń kan tọ̀hún, ohùn kan ń dá a lóhùn láti inú méjèèjì pé, "Kò sí nílé."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ bàálù jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, aṣọ rẹ̀ mọ́, omi inú ìgò wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í kò ní ojú. Bí ó bá ti la ẹnu pé, "Àṣìṣe àwọn…," ẹyin iná kan á bọ́ sórí ahọ́n rẹ̀, wọ́n á ní kó gbé e mì, á sì gbé e mì. Ẹyin iná kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ lára. Mo rí orúkọ àbúrò mi lára ọ̀kan.

Mo ní, "Kí ló dé tí ti èyí fi le ju ti àwọn yòókù lọ?"

Ó ní, "Àwọn yòókù rò pé àwọn mọ̀. Èyí mọ̀ pé òun kò mọ̀."

A kọjá lára àwọn yòókù tó wà nínú ìwé mi, mo ń fa ìlà sí orúkọ wọn. Nígbà náà ni mo rí ògiri méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, tí ọkùnrin kan há sí àárín wọn, tín-ín-rín bí bébà, ó wọ sùtánà. Búlúù ni gbogbo ara rẹ̀. Kò lè yí orí. Ó ń pariwo pé, "Mo ti rí i tẹ́lẹ̀! Mo ti rí i tẹ́lẹ̀!" Ẹ̀yin ará, mo mọ ohùn náà. Ohùn ilé yìí ni.

Mo bi afinimọ̀nà mi pé, "Ta nìyí?"

Ó ní, "Ẹni tó lá àlá lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo wá ìdùnnú nínú ara mi, mi ò rí i. Mo kàn fa ìlà sí ìkọkànlá. Mo ní, "Nígbà wo ni wọ́n máa jáde?"

"Bí wọ́n bá lè ní, 'Mi ò mọ̀,' ilẹ̀kùn á ṣí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo wò wọ́n. Lóòótọ́, gbogbo wọn ló ń gbìyànjú. Olóòtú ń fi ẹnu ìgò sọ pé, "Mi ò… mi ò… ọtí ni!" Onísùtánà ń sọ pé, "Mi ò… mo ti rí i tẹ́lẹ̀!" Ó dà bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì mi kan bá dúró níwájú pátákó tí kò mọ èsì, tó ń pe nọ́ńbà tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo yíjú padà. Mo rí bàálù náà, bàálù wa gan-an, ó ń bọ̀ lórí ọ̀nà, èmi ni mo wà láàárín ọ̀nà, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kò gbé, ó ń bọ̀, ariwo rẹ̀ wọ inú eyín mi, ó gbé imú sókè, mo rí ojú Mídé lẹ́yìn gíláàsì, kò wò mí, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ará, títí dé òpin ni ọwọ́ ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́, mo rí àwọn táyà kọjá lórí mi bí òrùlé, mo pariwo pé kí ó dìde, dìde, dìde, ó sì padà wálẹ̀ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ògiri.

Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Nígbà tí mo la ojú, ògiri náà wà níwájú mi, ó ya ní àárín. Pápá ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀, kò jóná, koríko tútù ni, igi tó ní ibòji wà níbẹ̀. Àwọn tó wà nínú bàálù jókòó sábẹ́ igi náà ní ìlà-ìlà bí wọ́n ṣe jókòó níjọ́ náà, kò sí bẹ́líìtì lára ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà kan ń bó ẹ̀pà fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹnìkan ń sùn. Mídé bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sórí koríko, ó ń fi fìlà iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

Mo sáré lọ. Afinimọ̀nà bọ́ síwájú mi, ó gbé ọ̀pá méjèèjì sókè, ó gbé ọ̀kan dábùú èkejì lókè orí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé bí àgbélébùú ni wọ́n ṣe rí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ pápákọ̀ mọ̀ pé àmì dúró nìyẹn.

Mo ní, "Àbúrò mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ó ní, "Ẹ ka ìwé yín."

"Mo ti kà á. Mọ́kànlá ni. Mo ti rí gbogbo wọn."

"Ẹ ṣí i sí ẹ̀yìn."

Mo ṣí i. Ìkejìlá wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Yíǹkì dúdú ni, ó wà lórí ìlà tirẹ̀, kò há mọ́ ibì kankan: *Tíṣà Mojísọ́lá. Ó ní Gbénró ni. Ọjọ́ ogójì, níwájú gbogbo ìjọ, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì.*

Mo ní, "Tèmi yàtọ̀. Òun ló fọwọ́ sí ìwé!"

Ó ní, "Ó fọwọ́ sí i. Ṣé òun ló fà á?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Ẹ gbọ́ mi o. Mo mọ ìdáhùn náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu afinimọ̀nà. Mo ní, "Mi ò…" Ahọ́n mi wúwo. Mo ní, "Mi ò… mi ò… Gbénró ni!"

Ohùn ara mi dẹ́rù bà mí. Mo tún un sọ, ó tún jáde bẹ́ẹ̀. Ooru iná tí kò kàn mí láti ìgbà yẹn wá ń gun ẹ̀yìn mi bọ̀.

Mo pariwo láti ibi tí wọ́n dá mi dúró sí pé, "Mídé! Kí ló ṣẹlẹ̀? Sọ fún mi! Kí ló ṣe bàálù náà?"

Ó gbọ́ mi. Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi! Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mídé, mo ní kí ló ṣẹlẹ̀!"

"Ẹ ti rù o. Ìrẹsì yẹn náà lẹ ṣì ń fi omi lásán sè?"

"Olúmìdé!"

Ó ní, "Mi ò ní sọ fún yín, Àǹtí mi. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó fi lu ẹnìkan ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wádìí rẹ̀ parí iṣẹ́ wọn." Ó wá bi mí, bí ẹni tó ń béèrè ará ilé, "Bùrọ̀dá Gbénró ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

Mi ò mọ bóyá ara rẹ̀ le. Láti ọjọ́ ogójì, mi ò béèrè.

Afinimọ̀nà kò sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ padà lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́."

Mo jí. Aṣọ tútù kan wà níwájú orí mi. Àwọn yòókù ti sáré jáde lọ wá akọ̀wé ìran, Ìyá Tósìn nìkan ló dúró tì mí. Òun ló di aṣọ náà mú.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo wò ó. Mo ní, "Ààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ ti tú. Ẹ dìde, ẹ mu omi."

Mo ní, "Bàbá Tósìn ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ náà. Ó ní, "Wọ́n wà nílé. Ìjókòó ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń fi ìka kà, láti orí títí dé ìdí, bí wọ́n bá parí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀, Tíṣà."

Nǹkan kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi. Mo mọ iyọ̀ inú rẹ̀.

Nígbà náà ni Arábìnrin Fẹ́yìṣayọ̀, akọ̀wé ìran wa, sáré dé pẹ̀lú bíírò, ogunlọ́gọ̀ tẹ̀ lé e. "Tíṣà, wọ́n ní ẹ̀mí gbé yín! Ṣé ẹ rí Mídé? Kí ló ní ó fà á?" Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹ́ńjìnnì ni, àbí?" Ẹlòmíràn ní, "Ṣebí mo ti sọ fún yín pé ẹyẹ ni." Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ di ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ Ìsinmi náà nìyí.

Ẹ̀yin ará, mo ṣì ń bínú. Mi ò purọ́ fún yín. Lẹ́tà méjì tí mo kọ, mo ṣì ń retí èsì wọn. Ìwọ tí o fi yíǹkì búlúù kọ̀wé, o wà níbí, o ń wo àjà bí o ti ń wò ó níjọ́ yẹn. Mi ò ní pe orúkọ rẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n há ọ sí, kò fẹ̀. Pa ìlà náà rẹ́ kí wọ́n tó pa ìwé dé lórí rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ àdúrà sí yìnyín, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò. Òkú kò lè fèsì, alààyè tí kò sì mọ ohun tí yóò sọ kò lè fèsì, ẹnu wa kò sì gbọdọ̀ ṣáájú ìwádìí dé ọ̀run, nítorí pé mo ti rí ohun tó ń dúró de ẹni tó bá ṣáájú dé ibẹ̀.

Èmi ni mo sọ ọ́ níbí pé Gbénró ni. Mi ò sọ pé kì í ṣe òun. Mi ò sọ pé òun ni. Ìyá Tósìn, ẹ forí jì mí. Bẹ́ǹṣì yín ni n ó jókòó sí láti òní lọ, bí ẹ bá gbà mí láyè.

Arábìnrin Fẹ́yìṣayọ̀, ìwé ìran wà níwájú rẹ. Mú bíírò. O bi mí ní Ọjọ́rú pé kí ló fa jàm̀bá náà. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé Tíṣà ní: *Mi ò mọ̀.* Kọ ọjọ́ sí i. Kọ wákàtí sí i. Má sì fi àyè kankan sílẹ̀ láàárín ìlà.